Akọ́nimọ̀ọ́gbá Tó Jẹ́ Ẹgbẹ́ Àwọn Ọmọ Ikọ̀ Rẹ̀

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2023, ikọ̀ họ́kì àwọn obìnrin ti yunifásítì North Carolina, ní ìlú Chapel Hill lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ń múra ìdíje ńlá tí àwọn yunifásítì ilẹ̀ náà máa ń ṣe lọ́dọọdún. Ìdíje yìí kì í ṣe àjèjì sí wọn. Ikọ̀ náà ti gba ife rẹ̀ nígbà mẹ́wàá, kò sì sí yunifásítì mìíràn ní ìpele náà tó gbà á tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń darí wọn ni ohun tuntun. Erin Matson ni orúkọ rẹ̀, ọmọ ọdún 23 sì ni. Ní ọdún tó ṣáájú, òun àti púpọ̀ nínú àwọn ọmọbìnrin wọ̀nyí ni wọ́n jọ wọ aṣọ aláwọ̀ ojú ọ̀run kan náà, tí wọ́n jọ sáré lórí pápá kan náà, tí wọ́n sì jọ gbé ife sókè.

Kí ọ̀rọ̀ náà tó lè yé ẹni tí kò rí eré yìí rí, ó yẹ kí a kọ́kọ́ sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ènìyàn 11 ló wà ní ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, bíi ti bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ kò gbọdọ̀ kan bọ́ọ̀lù níbí. Ọ̀pá ni wọ́n fi ń gbá a, ọ̀pá tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ tẹ̀ bí ìkọ́. Apá kan ọ̀pá náà tẹ́ pẹrẹsẹ, èkejì sì rí roboto. Èyí tó tẹ́ nìkan ni òfin gbà kí a fi gbá bọ́ọ̀lù. Bọ́ọ̀lù ọ̀hún kéré, ó le, àtẹ́lẹwọ́ kan sì gbà á. Bí ó bá ba ènìyàn lójú egungun ẹsẹ̀, onítọ̀hún kò ní gbàgbé ọjọ́ náà bọ̀rọ̀. (À bá pe eré yìí ní bọ́ọ̀lù ọlọ́pàá, nítorí ọ̀pá ọwọ́ wọn, ṣùgbọ́n àwọn tó ń gbọ́ yóò rò pé àwọn agbófinró ló ń ṣe é.)

Pápá rẹ̀ gùn tó mítà 91, ó sì fẹ̀ tó mítà 55. Koríko àtọwọ́dá ni wọ́n tẹ́ sí i, wọ́n sì máa ń fi omi rin ín kí eré tó bẹ̀rẹ̀, kí bọ́ọ̀lù lè máa yọ̀ lọ geerege, kí ilẹ̀ má sì bó ara ẹni tó bá ṣubú. Wọ́n pín eré náà sí ìpín mẹ́rin, ìṣẹ́jú 15 ni ìpín kọ̀ọ̀kan. Òfin kan wà tó ya eré yìí sọ́tọ̀: ènìyàn kò lè dúró sí ọ̀nà jíjìn kí ó gbá bọ́ọ̀lù wọ ilé, kí wọ́n sì kà á. Wọ́n fa ìlà kan yí iwájú ilé ká bí àbọ̀ òṣùpá, ó sì jìnnà sí ilé ní nǹkan bíi mítà 15. Inú ìlà yẹn ni ọ̀pá ẹni tó ń kọlu ilé ti gbọ́dọ̀ kan bọ́ọ̀lù kí ó tó lè jẹ́ góòlù.

Bí ẹgbẹ́ tó ń ṣọ́lé bá ṣẹ̀ sí òfin nínú ìlà náà, ìyà rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ èyí: aṣọ́lé àti ènìyàn mẹ́rin péré ni yóò dúró lẹ́yìn ìlà ẹ̀yìn ilé, àwọn yòókù yóò sì lọ dúró ní àárín pápá. Ẹnì kan lára àwọn tó ń kọlù yóò ti bọ́ọ̀lù jáde láti ẹ̀gbẹ́ ilé, òmíràn yóò dá a dúró lẹ́nu ìlà, ẹ̀kẹta yóò sì rọ́ ọ lu ilé. Àwọn mẹ́rin náà yóò sáré jáde láti lọ fi ara dínà bọ́ọ̀lù tó ń bọ̀ bí òkò. Àwọn tó mọ eré yìí ń gbé ìbòjú wọ̀ kí wọ́n tó sáré bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mọ akin.

Ní ilẹ̀ Íńdíà, ní Pakistan àti ní Netherlands, ọkùnrin àti obìnrin ló ń ṣe eré yìí, kódà àwọn ọkùnrin Íńdíà ti gba góòlù Òlíńpíìkì nígbà mẹ́jọ. Ní Amẹ́ríkà, eré obìnrin ni àwọn ènìyàn mọ̀ ọ́n sí. Obìnrin ló sì gbé e débẹ̀. Ní ọdún 1901, olùkọ́ ará Gẹ̀ẹ́sì kan, Constance Applebee, fi eré náà han àwọn olùkọ́ ní yunifásítì Harvard, ó sì ń lọ láti ilé-ẹ̀kọ́ obìnrin kan sí òmíràn láti kọ́ wọn. Ní àkókò náà, ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé eré sísá yóò ba ara obìnrin jẹ́. Applebee kò fetí sí wọn. Ọdún 107 ló lò láyé, tó fi jẹ́ pé bí eré sísá bá ń ba ara jẹ́, ara tirẹ̀ kò gbọ́ ìròyìn náà.

Ní ọdún 1972, ìjọba Amẹ́ríkà ṣe òfin pé ilé-ẹ̀kọ́ tó bá ń gba owó ìjọba kò gbọ́dọ̀ ya obìnrin sẹ́yìn nínú ohunkóhun. Láti ìgbà náà ni àwọn yunifásítì ti bẹ̀rẹ̀ sí í dá ikọ̀ obìnrin sílẹ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀, tí wọ́n sì ń fún àwọn ọmọbìnrin tó mọ eré ṣe ní owó ilé-ẹ̀kọ́. Ọdún 1981 ni àjọ NCAA, tó ń darí eré ìdárayá àwọn yunifásítì, kọ́kọ́ ṣe ìdíje họ́kì fún obìnrin. Ọdún yẹn náà ni Applebee kú. Ọdún yẹn náà sì ni ọ̀dọ́mọbìnrin kan, Karen Shelton, di akọ́nimọ̀ọ́gbá ní North Carolina.

Shelton kò kúrò níbẹ̀ mọ́. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn tó dé, òun fúnra rẹ̀ wà nínú ikọ̀ Amẹ́ríkà tó gba idẹ ní ìdíje Òlíńpíìkì ní Los Angeles. Ìgbà kejì nìyẹn tí họ́kì obìnrin wà nínú Òlíńpíìkì. Ní ìgbà àkọ́kọ́, ní Mọsko ní ọdún 1980, ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè kọ̀ láti lọ nítorí ogun Afganístánì, àwọn ará Zimbabwe tí wọ́n ké sí nígbà tí ọjọ́ ti ń lọ ló sì gba góòlù. Orílẹ̀-èdè ilẹ̀ Áfíríkà ni góòlù àkọ́kọ́ eré náà fún obìnrin bọ́ sí lọ́wọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé aláwọ̀ funfun ni gbogbo àwọn obìnrin inú ikọ̀ náà.

Sáà 42 ni Shelton fi kọ́ àwọn ọmọ ní Chapel Hill. Ife mẹ́wàá ló gbà. Wọ́n kọ́ pápá tuntun, wọ́n sì fi orúkọ rẹ̀ pè é nígbà tó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Ní oṣù kejìlá ọdún 2022, lẹ́yìn tí ikọ̀ rẹ̀ ti ṣe gbogbo eré sáà náà láìpàdánù ẹyọ kan, ó ní ó tó gẹ́ẹ́.

Ta ni yóò jókòó sórí irú àga bẹ́ẹ̀?

Ìpínlẹ̀ Pennsylvania ni Erin Matson ti wá. Kò tí ì pé ọmọ ọdún 18 tó ti ń gbá bọ́ọ̀lù fún ikọ̀ àgbà orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ó dé North Carolina ní ọdún 2018. Ikọ̀ náà kò pàdánù eré kankan ní ọdún yẹn, wọn kò sì pàdánù ní ọdún 2019. Sáà márùn-ún ló ṣe dípò mẹ́rin, nítorí àjàkálẹ̀ àrùn Kòfídì mú kí àjọ NCAA fi ọdún kan kún ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Nínú sáà márùn-ún náà, ó gba ife mẹ́rin, góòlù tó gbá sì lé ní 130. Ní àṣekágbá ọdún 2022, òun ló gbá góòlù tó fún wọn ní ife nígbà tí ìṣẹ́jú tó kù kò tó méjì. Yunifásítì Northwestern ni wọ́n gbá a sí.

Orúkọ Northwestern yìí kò ṣeé fo kọjá. Ní ọdún 2021, nígbà tí North Carolina ti gba ife nígbà mẹ́ta léra wọn, Northwestern ló lé wọn jáde ní eré wọn àkọ́kọ́ nínú ìdíje, tó sì lọ gba ife náà fún ìgbà àkọ́kọ́. Ní ọdún 2022, wọ́n tún pàdé ní àṣekágbá, North Carolina sì borí pẹ̀lú góòlù 2 sí 1.

Ọmọ tó bá ṣípá ni à ń gbé. Matson kò jókòó kí wọ́n wá pe òun. Ó lọ bá Bubba Cunningham, olórí ètò eré ìdárayá ní yunifásítì náà, ó sì jẹ́ kó mọ̀ pé òun fẹ́ iṣẹ́ náà bí Shelton bá fi í sílẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2023, wọ́n fún un. Ọmọ ọdún 22 ni nígbà náà. Àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá tó ti lo ogún ọdún lẹ́nu iṣẹ́ wà ní Amẹ́ríkà tí ì bá fẹ́ àga yẹn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti le kì í ṣe ìmọ̀ eré. Matson mọ̀ ọ́n ju ọ̀pọ̀ àwọn tó jù ú lọ. Ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ ló le. Akọ́nimọ̀ọ́gbá ló ń sọ ẹni tí yóò wọ pápá àti ẹni tí yóò jókòó sórí àga ìdúródè. Òun ló ń bá ẹni tó pẹ́ dé wí. Báwo ni ènìyàn ṣe máa sọ fún ọ̀rẹ́ tó jọ ń gbé inú yàrá ìmúra kan náà lọ́dún tó kọjá pé kò ní gbá bọ́ọ̀lù lónìí? Àwọn tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì kò tilẹ̀ ní "ẹ" tí ènìyàn lè sá sí abẹ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n fi ń pe ọmọdé àti àgbà, ọ̀rẹ́ àti ọ̀gá. Ohun tí yóò yàtọ̀ láàárín Matson àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní láti wà nínú ìwà, kò lè sí nínú ìkíni.

Nǹkan mìíràn tún wà tí àwọn tó ń wo eré láti òde kì í rò. Ikọ̀ náà pàdánù agbábọ́ọ̀lù rẹ̀ tó dára jù lọ lọ́jọ́ tó rí akọ́nimọ̀ọ́gbá tuntun, nítorí ẹnì kan náà ni. Nígbà tí nǹkan bá le, tí ìṣẹ́jú méjì bá kù, ẹni tí wọ́n ti mọ́ láti gbé bọ́ọ̀lù fún ti dúró sí ẹ̀gbẹ́ pápá, ọ̀pá kò sì sí lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n pàdánù kí ìdíje ńlá tó bẹ̀rẹ̀. Fún ikọ̀ mìíràn, ìyẹn kò burú rárá. Fún ikọ̀ tí kò pàdánù kankan lọ́dún tó ṣáájú, ẹ̀ẹ̀mẹta pọ̀. Síbẹ̀ wọ́n gba ife ẹkùn wọn, ìyẹn ẹkùn ACC tí ọ̀pọ̀ àwọn ikọ̀ tó lágbára jù wà nínú rẹ̀. Ikọ̀ 18 ló wọ ìdíje ńlá náà. Àwọn tó gba ife ní ẹkùn wọn wọlé tààrà, ìgbìmọ̀ kan ló sì yan àwọn yòókù. Kò sí àtúnṣe nínú rẹ̀: ẹni tó bá pàdánù lẹ́ẹ̀kan, ó di ilé. Ibi tí wọ́n yóò ti gbá àṣekágbá ni Chapel Hill, lórí pápá tó ń jẹ́ orúkọ Karen Shelton. Ìyẹn lè jẹ́ àǹfààní. Ó sì lè jẹ́ ẹrù, kí ènìyàn máa ṣubú lójú ará ilé rẹ̀, lábẹ́ orúkọ ọ̀gá rẹ̀ tí wọ́n kọ sára ògiri.

North Carolina borí, wọ́n tún borí, títí wọ́n fi dé àṣekágbá ní ọjọ́ 19 oṣù kọkànlá. Northwestern ló ń dúró dè wọ́n.

Ìpín mẹ́rin pé, ó jẹ́ 1 sí 1. Wọ́n fi àkókò kún un. Ní àfikún àkókò họ́kì yunifásítì, ènìyàn mẹ́rin máa ń jáde ní ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ó sì máa ń ku méje, pápá á wá gbòòrò, ẹsẹ̀ á sì wúwo. Ẹni tó bá kọ́kọ́ gbá góòlù ló borí. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá kọjá, ẹnikẹ́ni kò gbá a wọlé. Mẹ́wàá mìíràn tún kọjá bẹ́ẹ̀. Ó wá ku ìdojúkọ: agbábọ́ọ̀lù kan yóò gbé bọ́ọ̀lù láti ọ̀nà jíjìn, aṣọ́lé kan yóò jáde wá pàdé rẹ̀, ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ sì ni wọ́n fún un láti ṣe ohun tó bá fẹ́ ṣe. Akọ́nimọ̀ọ́gbá kò ní ohun kan láti ṣe nígbà náà ju kí ó wo ojú àwọn ọmọ rẹ̀ kí ó sì yan àwọn tí yóò lọ. Ọdún kan ṣáájú, òun ni ì bá kọ́kọ́ yan ara rẹ̀.

Àwọn tó yàn kò já a kulẹ̀. North Carolina ló borí, ife kọkànlá nìyẹn. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀: pápá Shelton ni, ọmọ tí Shelton kọ́ ló sì fi gba ife níbẹ̀, ní ọmọ ọdún 23.

Ní ọdún tó tẹ̀lé e, wọ́n tún dé ìpele tó ṣáájú àṣekágbá. Ikọ̀ Saint Joseph's, tí kò dé àṣekágbá rí, ló dá wọn dúró níbẹ̀. Northwestern ló gba ife ọdún 2024.