Àwo Wo Ni Kí A Fi Gbé Oúnjẹ Fún Àlejò?

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí lè dà bí ọ̀rọ̀ kékeré lójú yín, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ àwo tí a fi ń bu oúnjẹ fún àlejò nígbà ìnáwó ni.

Ládánì ni mí ní mọ́ṣáláṣí kan ní Sùúrùlérè. Ẹni tí ó bá ń ṣe iṣẹ́ yìí ni ó ń ṣí ilẹ̀kùn kí ilẹ̀ tó mọ́, ojú rẹ̀ ni ó sì ń kọ́kọ́ rí ohun tí ìnáwó àná fi sílẹ̀. Ní ọjọ́ Àìkú kan, a so yìgì níwájú mọ́ṣáláṣí wa. Ìrẹsì pọ̀, ẹran pọ̀, inú abọ́ fóòmù funfun ni àwọn alásè sì di gbogbo rẹ̀ sí. Òjò rọ̀ lóru. Nígbà tí mo dé fún ìrun àsùbáà, omi ti wọ inú mọ́ṣáláṣí, ẹní ìkírun sì ti tutù rinrin. Mo ki ọwọ́ bọ gọ́tà, abọ́ fóòmù àti ike omi ni mo ń fà yọ. N kò rí ẹni tí n ó bá wí, nítorí èmi náà jẹ nínú oúnjẹ náà, n kò sì rántí ibi tí mo sọ abọ́ tèmi sí.

Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ti fòfin de abọ́ náà. Ní ọjọ́ 21 oṣù January 2024 ni Ọ̀gbẹ́ni Tokunbo Wahab, Kọmíṣánnà fún ọ̀rọ̀ àyíká àti omi, kéde rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fún àwọn oníṣòwò ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láti ta èyí tí ó kù lọ́wọ́ wọn. Nígbà tí ó di ọjọ́ 1 oṣù July 2025, ìfòfindè náà kan ife ike alálòdanù, ṣíbí ike àti ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Epo rọ̀bì ni a fi ń ṣe fóòmù, afẹ́fẹ́ ni ó sì pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ìdí nìyí tí ó fi ń léfòó, tí omi ń gbé e kiri títí yóò fi há sí ojú kánààlì. Kì í jẹrà. Wẹ́wẹ́ ni ó ń fọ́ sí.

Nísinsìnyí, àwọn oníṣòwò ń polówó àwo mìíràn fún wa, wọ́n ní jíjẹra ni yóò jẹrà. Ibí yìí gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ ti la ojú yín. Bí ó bá jẹ́ àwo bébà ni, ẹ wo inú rẹ̀. Bí ó bá ń dán, ẹ fi ọ̀kan sínú omi di ọjọ́ kejì, kí ẹ wá fà á ya. Bébà yóò rọ̀, bí ẹ bá sì rí awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kò rọ̀, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ọ̀rá ni wọ́n fi tẹ́ inú rẹ̀. Ife kan tún wà tí ó mọ́ gaara, tí wọ́n ní àgbàdo ni wọ́n fi ṣe. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kí ó tó jẹrà, ó ń fẹ́ ooru tí ó tó ìwọ̀n 58 tàbí 60 Celsius fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, ibi-iṣẹ́ tí a kọ́ fún un ni a sì ti ń rí irú ooru bẹ́ẹ̀. Nínú gọ́tà Sùúrùlérè, kò yàtọ̀ sí ike.

Èyí tí ó sàn nínú wọn ni àwo tí a fi ohun tí ó ṣẹ́kù lára ìrèké ṣe, lẹ́yìn tí ẹ̀rọ bá ti fún omi dídùn inú rẹ̀ tán. Kì í dán, ó sì ń gba oúnjẹ gbígbóná. Bí ẹ bá rí EN 13432 lára páálí rẹ̀, òṣùwọ̀n àwọn ará Yúróòpù ni. Ó túmọ̀ sí pé wọ́n ti dán irú àwo bẹ́ẹ̀ wò, ó sì ti fọ́ kúlẹ́kúlẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ 12 níbi tí a ti ń mú pàǹtí jẹrà. Àwọn ará India ní tiwọn ń fi igi tín-ín-rín gán ewé pọ̀ di àwo, wọ́n sì ti ń ṣe é tipẹ́.

Àwa náà kò ṣáà ṣaláìní ewé. Mo sọ èyí fún Ìyá Àdínnì wa nígbà tí ó ń múra ìsọmọlórúkọ ọmọ-ọmọ rẹ̀, ó sì wò mí tìyanu-tìyanu. Ó ní, "Ládánì, ṣé inú ewé ni kí n ti gbé oúnjẹ fún àwọn àna mi? Kí wọ́n lè ní a kò rówó ra àwo?" Mo ní, "Ìyá wa, ẹ má bínú. Àwọn olówó tí ń ṣe ìnáwó nínú gbọ̀ngàn ńlá, kí ni wọ́n fi ń gbé ìrẹsì ọ̀fadà fún àlejò wọn?" Ó rẹ́rìn-ín, nítorí ó mọ̀ pé inú ewé ni.

Ewé eéran, èyí tí ọ̀pọ̀ ń pè ní ewé móínmóín, ni mo ń wí, àti gbòdògì. (Èso eéran yìí kan náà ní èròjà kan nínú tí ó dùn ju ṣúgà lọ ní ìlọ́po ẹgbẹẹgbẹ̀rún, bí a kò tilẹ̀ bìkítà fún un.) Ìrẹsì, móínmóín, ẹ̀kọ àti ẹran díndín, gbogbo wọn ni ewé ń gbà. Ọbẹ̀ tí ó ṣàn ni kò gbà, n kò ní tan yín.

Nítorí náà, ohun tí Ìyá Àdínnì ṣe ni pé ó háyà àwo tánńganran fún àwọn àna àti àgbààgbà, ó sì fi ewé di ti àwọn ìyókù. Àwọn àgbà tí a kó láti Ìsàlẹ̀ Èkó wá sí Sùúrùlérè láti 1955 síwájú sọ fún mi pé àwo aládùúgbò ni àwọn máa ń yá ṣe ìnáwó, olúkúlùkù a sì fi ọ̀dà sàmì sí ìdí tirẹ̀. Ní tèmi o, àwo tí a ó fọ̀ ni ó dára jù bí àlejò kò bá ju àádọ́ta lọ. Bí wọ́n bá pọ̀ jù bẹ́ẹ̀, ẹ lo ewé. Bí ewé kò bá sí, ẹ ra ti ìrèké.

Lẹ́yìn oúnjẹ, ẹ gbé àpò méjì kalẹ̀, ọ̀kan fún ewé, ọ̀kan fún ike. Bí ẹ bá da gbogbo rẹ̀ pọ̀ fún ọkọ̀ akólẹ̀, orí òkìtì kan náà ni ewé àti ike ń lọ. Ṣìmẹ́ǹtì ni a tẹ́ sí ọ̀pọ̀ àgbàlá wa, mo mọ̀, ṣùgbọ́n àwọn tí ń gbin òdòdó tà ń wá ilẹ̀dú. Ewúrẹ́ pàápàá yóò bá yín jẹ nínú ewé, kìkì kí ọ̀rá má ṣe wà láàárín rẹ̀, nítorí ọ̀rá a máa dí ìfun ẹran.

Ẹ ra ewé náà ku ọ̀la ìnáwó, kí ẹ fọ tinú-tẹ̀yìn rẹ̀, kí ẹ gé eegun rẹ̀, kí ẹ sì fi í han iná díẹ̀ kí ó lè rọ̀. Ìlọ́po méjì ni kí ẹ lò fún ìrẹsì gbígbóná. Bí ẹ bá rà á sílẹ̀ ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú, yóò gbẹ nínú ooru Èkó, yóò sì ya mọ́ yín lọ́wọ́ níbi tí ẹ ti ń dì í.