Owó rì sínú odò Potomac: Ilé-iṣẹ́ George Washington tó wọko gbèsè ti di ibi ìgbafẹ́

Ẹni tó bá dé Great Falls, létí odò Potomac ní ìpínlẹ̀ Virginia, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ariwo omi tó ń já lu àpáta ló máa kọ́kọ́ gbọ́. Nǹkan bíi máìlì 15 péré ni ibẹ̀ sí Washington, olú-ìlú wọn. Ṣùgbọ́n ohun tó mú wa kọ nípa ibẹ̀ lójú ìwé ọrọ̀ ajé yìí kì í ṣe omi, bí kò ṣe owó táwọn èèyàn kan dà sínú rẹ̀.

Lọ́dún 1785 ni George Washington, tó padà di ààrẹ àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà, àtàwọn olówó mìíràn dá ilé-iṣẹ́ Patowmack sílẹ̀. Òun ni wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe olórí rẹ̀. Wọ́n fẹ́ káwọn ọkọ̀ ojú omi máa kó ìyẹ̀fun, tábà àti irin wá láti òkè, kí wọ́n sì máa gbowó ibodè lọ́wọ́ wọn. Omi tó ń já yìí ló dínà, ni wọ́n bá gbẹ́ odò àfọwọ́gbẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wọ́n sì kọ́ lock márùn-ún sí i.

Lock ò ju iyàrá tóóró kan lọ, tó ní ilẹ̀kùn níwájú àti lẹ́yìn. Bí ọkọ̀ bá ti òkè wọlé, wọ́n á ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, wọ́n á jẹ́ kí omi inú rẹ̀ máa ṣàn jáde, ọkọ̀ á sì máa bá omi lọ sílẹ̀ títí táá fi bá tìsàlẹ̀ dọ́gba. Wọ́n á wá ṣí ilẹ̀kùn iwájú, ó di gbéra. Márààrún yìí ń sọ ọkọ̀ kalẹ̀ ní ohun tó lé ní ẹsẹ̀ bàtà 70.

Ẹ̀tù ni wọ́n fi fọ́ àpáta ibẹ̀. Ẹrú aláwọ̀ dúdú wà lára àwọn tó ṣiṣẹ́ náà, àwọn olówó wọn ló fi wọ́n háyà fún ilé-iṣẹ́, ọ̀dọ̀ olówó ẹrú sì ni owó háyà ń lọ. Kí ẹni tó bá fọwọ́ kan òkúta wọ̀nyẹn má gbàgbé ìyẹn o.

Washington kú lọ́dún 1799, ọdún 1802 ni lock tó parí. Èrè tí wọ́n ń retí ò wá. Ìgbà mìíràn odò á gbẹ, ìgbà mìíràn á kún ju bó ṣe yẹ, oṣù díẹ̀ péré lọ́dún lọkọ̀ ń rí i gbà. Lọ́dún 1828, ilé-iṣẹ́ Chesapeake and Ohio gba gbogbo rẹ̀ lọ́wọ́ wọn.

Àwọn yẹn náà gbẹ́ tiwọn sí òdìkejì, ní Maryland: máìlì 184 ààbọ̀, lock 74, ìbaaka ló ń fa ọkọ̀ èédú. Ṣùgbọ́n 4 oṣù keje, 1828 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ gan-an làwọn onírélùwéè B&O bẹ̀rẹ̀ tiwọn. Rélùwéè dé Cumberland lọ́dún 1842, odò ò débẹ̀ títí di 1850. Ẹ̀yin náà ẹ mọ ẹni tí oníbàárà máa bá lọ. Omíyalé ọdún 1924 ló pa iṣẹ́ náà rẹ́, ìjọba sì rà á ní mílíọ̀nù 2 dọ́là lọ́dún 1938.

Díẹ̀ ló kù kí wọ́n sọ ọ́ di títì ọlọ́dà. Lọ́dún 1954, adájọ́ William O. Douglas fẹsẹ̀ rin ibẹ̀ pẹ̀lú àwọn oníwèé ìròyìn láti fi tako ètò yìí. Ó di ọgbà ìjọba àpapọ̀ lọ́dún 1971.

Owó tí wọn ò rí lórí ọkọ̀ èédú ni wọ́n ń rí lára àlejò báyìí. Owó wà fún ọkọ̀ tó bá fẹ́ wọlé, òfin sì ní kí ìpín tó pọ̀ jù níbẹ̀ dúró síbi tí wọ́n ti gbà á, fún àtúnṣe. Kódà, wọ́n ń fi mélòó kan nínú ilé àwọn aṣọ́-lock àtijọ́ háyà fẹ́ni tó bá fẹ́ sun ibẹ̀ mọ́jú. Àwọn èèyàn wa tó ń gbé Maryland àti Virginia pọ̀, ìrìn ò jìnnà sí wọn. Kí wọ́n ṣáà má kó sómi o: odò yẹn ń gbé èèyàn lọ, òfin ò sì gba ẹnikẹ́ni láyè láti lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀.