Ẹ̀rín Ń Ranni, Àmọ́ Kì Í Ran Ọ̀bọ

Ní Lekki Conservation Centre, àbúrò mi ṣí eyín sí ọ̀bọ kan. Mo yára fà á sẹ́yìn. Lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ ọ̀bọ, kéèyàn ṣí eyín kì í ṣe ẹ̀rín o. Ẹ̀rù tàbí ìhàlẹ̀ ni.

Àwa ńkọ́? Ní 2000, Ulf Dimberg àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Sweden fi àwòrán ojú tó ń rẹ́rìn-ín han àwọn èèyàn fìrí. Wọn ò tiẹ̀ mọ̀ pé àwọn rí i, síbẹ̀ iṣan ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn gbéra! Yíyán náà ń ranni, títí dé ara ajá: nínú ìwádìí London kan ní 2008, ajá 21 nínú 29 yán nígbà tí èèyàn yán níwájú wọn.

Lójú tèmi, ẹ̀rù ló wúlò jù: nínú agbo, ẹni tó bá tètè kó o lára ẹnìkejì ló ń tètè sá.

Nínú dánfó tá a wọ̀ padà sí Ajah, kọ̀ńdọ́ yán. Àbúrò mi yán. Èmi náà yán.