Ẹ̀fọn gbé ibà pọ́njú, ibà kò mú un

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2017, àyẹ̀wò fi hàn pé ibà pọ́njú ló mú ọmọbìnrin ọlọ́dún méje kan ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́lódùn, ìpínlẹ̀ Kwara. Kò gba abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ rí. Nígbà tó di oṣù Kẹwàá, ètò abẹ́rẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ fún nǹkan bí 874,000 ènìyàn ní Kwara àti Kogi. Aláìsàn la ń bi léèrè ara. Ta ló béèrè ara ẹ̀fọn? Fáírọ́ọ̀sì kan náà tó ń sọ ẹyinjú ènìyàn di aláwọ̀ ìyeyè, tó ń múni bi ẹ̀jẹ̀ dúdú, ó kún inú ẹ̀fọn bámúbámú. Ẹ̀fọn ń fò, ó ń yé ẹyin, ara rẹ̀ le koko.

Ẹ̀fọn tí à ń wí kì í ṣe onímàláríà tó ń kọrin sí wa létí lóru. Ẹlẹ́sẹ̀ àdíkálà ni, dúdú òun funfun, ọ̀sán ló sì fi ń jẹni. Aedes ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Àmù ló fẹ́ràn. Ẹni tó bá mọ Dáda ní Òkè Lele, Ìlọrin, níbi tí àwọn ìyá ti ń mọ ìkòkò, mọ irú àmù tí mò ń sọ: ó dúró sí igun ilé, omi inú rẹ̀ tutù nini. Tẹjú mọ́ ọn, wàá rí tanwíjí tó ń ká ara rẹ̀ kò, tó tún ń nà.

Ẹ̀jẹ̀ tí ẹ̀fọn bá fà, ikùn ló ń lọ, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ fáírọ́ọ̀sì ń parẹ́ sí. Èyí tó bá ráyè kọjá yóò lo bí ọjọ́ mẹ́wàá kó tó dé ibi itọ́; bí ooru bá mú, kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀fọn kò ní irú ọmọ ogun ẹ̀jẹ̀ tí abẹ́rẹ́ àjẹsára ń kọ́ níṣẹ́ lára wa. (Àwọn ará Ìlọrin tó ti gba yẹ́lò káàdì kí wọ́n tó lọ Mẹ́kà mọ abẹ́rẹ́ yẹn dáadáa.) Àlùmọ́gàjí ló ní. Nígbà tí fáírọ́ọ̀sì bá ń bí sí i, okùn RNA rẹ̀, ìyẹn ìwé ìlànà tó fi ń ṣe ara rẹ̀, a máa di oníbejì. Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀fọn mọ̀ pé irú okùn gígùn bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ará ilé. Èròjà kan tó ń jẹ́ Dicer-2 yóò gé e wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, lẹ́tà 21, lẹ́tà 21. Èròjà mìíràn, Argonaute-2, yóò mú ègé kan dání, yóò máa fi wá ẹgbẹ́ rẹ̀ kiri, bí obìnrin tó mú etí aṣọ òkè wọ Ọjà Ọba láti wá irú rẹ̀. Èyí kò wá a láti rà. Bó bá ti rí i, ó gé e dànù.

Síbẹ̀ kò borí. Fáírọ́ọ̀sì ń bí, àlùmọ́gàjí ń gé, wọ́n jọ ń gbé títí ọjọ́ ikú ẹ̀fọn. Ní 2008 àti 2009, àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà fi èròjà tí kì í jẹ́ kí àlùmọ́gàjí náà mú sínú fáírọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Sindbis. Àwọn ẹ̀fọn tó kó o bẹ̀rẹ̀ sí kú. Ẹ̀fọn tó kú kò sì lè jẹ ẹnikẹ́ni. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kà á kó tó yé mi: ohun tí ẹ̀fọn fi ń gba ara rẹ̀ là ni fáírọ́ọ̀sì ń gùn bí ẹṣin wọ ìlú.

Onímàláríà náà ní àlùmọ́gàjí tirẹ̀. Fáírọ́ọ̀sì tó ń gbé kò pọ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni o'nyong-nyong. Igbó-Ọrà ni wọ́n ti rí ẹ̀yà rẹ̀ kan lára ènìyàn ní 1966, wọ́n sì sọ ọ́ lórúkọ ìlú náà, àfi bíi pé òkìkí ìbejì nìkan kò tó o.

Ní Yogyakarta, lórílẹ̀-èdè Indonesia, wọ́n fi bakitéríà Wolbachia sínú Aedes. Ó jọ pé ó ń bá fáírọ́ọ̀sì du oúnjẹ, ó sì ń ta ẹ̀fọn jí sí ìjà. Ìwádìí tó jáde ní 2021 ní iye ẹni tí ibà dengue, tí Aedes náà ń gbé, ń mú fi ìdá 77 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù.

Ní tiwa, ẹyin ni kí á wò. Ara àmù, díẹ̀ sókè omi, ni Aedes ń lẹ ẹyin rẹ̀ mọ́. Ó lè gbẹ fún oṣù mélòó kan kó má kú, nígbà mìíràn fáírọ́ọ̀sì ti bá a wá láti inú ìyá. Ẹni tó bá da omi nù lẹ́ẹ̀rùn láì fi kàn-ìn-kàn-ìn fọ ara àmù, tó tún pọn omi sí i nígbà òjò, ó ti bomi rin wọn nìyẹn.