Yíyan Taya Fífẹ̀ fún Kẹ̀kẹ́ Tòkunbọ̀

Irú kẹ̀kẹ́ ológeere méjì ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Èkínní ni ti àtijọ́, onírin wúwo, irú Raleigh tí àwọn bàbá wa fi ń ru kòkó àti iṣu ní àwọn ọdún 1950. Èkejì ni kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ fífúyẹ́, tí ọwọ́ rẹ̀ tẹ̀ bí ìwo àgbò, èyí tí àwọn ará Yúróòpù ṣe fún eré sísá lórí títì ọlọ́dà. Ó yá nílẹ̀, ó sì dùn ún gùn. Ṣùgbọ́n taya rẹ̀ tín-ín-rín, fífẹ̀ rẹ̀ kì í sábà ju mìlímítà 23 tàbí 25 lọ. Bí ẹni tí ó gùn ún bá kúrò lórí títì Ìwó, tí ó yà sí ọ̀nà oko níhà Ilé-Ogbó tàbí Kúta, wàhálà dé. Taya a rì sínú iyanrìn. Òkúta a tẹ tiúbù mọ́ ríìmù títí yóò fi lu ihò méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ríìmù pàápàá a sì tẹ̀.

Taya tí ó fẹ̀ ni àtúnṣe rẹ̀. Kì í ṣe rọ́bà ni ó ń gbé ènìyàn lórí kẹ̀kẹ́, atẹ́gùn inú rẹ̀ ni. Ohun tí John Boyd Dunlop, dókítà ẹranko ní ìlú Belfast, lóye nìyí nígbà tí ó ṣe taya alátẹ́gùn fún kẹ̀kẹ́ ọmọ rẹ̀, tí ó sì gba ìwé-àṣẹ fún un ní ọdún 1888. Bí a bá fi taya mìlímítà 32 rọ́pò ti 23, àyè atẹ́gùn inú rẹ̀ yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Kì í sì í ṣe àrà tuntun: taya kẹ̀kẹ́ àwọn bàbá wa fẹ̀ tó ínṣì kan àbọ̀, èyí tí í ṣe bíi mìlímítà 38. Wọ́n mọ irú ọ̀nà tí wọ́n ń gbà.

Ṣùgbọ́n ibi tí owó ti ń ṣòfò, tí ewu sì wà, ni orí nọ́ńbà taya. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa wọ ọjà, wọn a ní kí wọ́n fún wọn ní “taya 28”, wọn a sì sanwó. Orúkọ lásán ni 28 yìí. Taya 28 × 1½ ti kẹ̀kẹ́ àtijọ́ bá ríìmù tí ìdábùú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 635 mu. Ríìmù kẹ̀kẹ́ eré-ìje òde òní, tí wọ́n ń pè ní 700C, tí àwọn mìíràn sì ń kọ 28 sí lára taya rẹ̀, jẹ́ 622. Ìyàtọ̀ mìlímítà 13 ni ó wà láàárín wọn. Èyí tí ó tún dójú rú ni ti 27 × 1¼, tí ó wà lára àwọn kẹ̀kẹ́ eré-ìje tí ó ti pẹ́: 630 ni tirẹ̀. Ẹ wò ó, ẹ̀yin òǹkàwé wa: 27 tóbi ju 28 lọ! Bẹ́ẹ̀ náà ni 26 × 1⅜ jẹ́ 590, nígbà tí 26 × 1.75 jẹ́ 559.

Bí a bá fi taya 630 sórí ríìmù 622, yóò wọlé pẹ̀lú ìrọ̀rùn, ẹni tí ó rà á yóò sì rò pé oríire ni. Nígbà tí a bá fẹ́ atẹ́gùn sí i tán ni etí rẹ̀ yóò yọ kúrò lára ríìmù, tiúbù yóò yọ síta, yóò sì bẹ́. Bí ó bá bẹ́ nígbà tí ọmọ ilé-ìwé ń sọ̀ kalẹ̀ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, iwájú ọkọ̀ ni ó lè ṣubú sí. Nítorí náà, ẹ má ṣe gba orúkọ gbọ́. Ẹ wá nọ́ńbà méjì tí àmì kékeré wà láàárín wọn lára taya tí ẹ ń bọ́ kúrò, bíi 23-622. Ti iwájú ni fífẹ̀ taya. Ti ẹ̀yìn ni ìdábùú ríìmù. Èyí àkọ́kọ́ lè yí padà. Ti ẹ̀yìn kò gbọdọ̀ yí padà rárá, ì báà ṣe mìlímítà kan.

Báwo wá ni fífẹ̀ náà ṣe lè pọ̀ tó? Férémù ni yóò sọ. Ẹ fi rúlà ọmọ ilé-ìwé wọn àlàfo àárín ẹsẹ̀ fọ́ọ̀kì níwájú, ní ibi tí taya ti ń kọjá, kí ẹ sì wọn ti ẹ̀yìn náà, nítòsí pẹ́dàlì. Ẹ fi ibi tí ó há jù lọ ṣe òdiwọ̀n. Ó yẹ kí àyè mìlímítà 5 kù ní apá kọ̀ọ̀kan, nítorí ẹrẹ̀ ìgbà òjò máa ń lẹ̀ mọ́ taya, àgbá kẹ̀kẹ́ ògbólógbòó kì í sì í yí gún. Bí àlàfo bá jẹ́ 42, 32 ni ó tọ́ síi. Ẹ wo abẹ́ bíréèkì pẹ̀lú, nítorí ọ̀pọ̀ bíréèkì kẹ̀kẹ́ eré-ìje kì í gba taya tí ó ju 28 lọ. Taya 28 tí ó yí fàlàlà sàn ju 32 tí ń ha férémù lọ. Inú ríìmù pẹ̀lú ní ìwọ̀n: èyí tí fífẹ̀ inú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 15 kò yẹ kí ó gbà ju 32 lọ.

Ẹ ra tiúbù tí ó bá taya tuntun mu. Bí ẹnu tiúbù bá jẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, tí pọ́ọ̀ǹpù fókánáísà kò bá a mu, ìdè idẹ kékeré kan wà tí a ń fi sí i lórí. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lu ihò ríìmù tẹ́ẹ́rẹ́ gbòòrò sí i, nítorí yóò sọ ọ́ di aláìlágbára.

Nípa atẹ́gùn, ẹ ka nọ́ńbà tí ó ṣáájú PSI lára taya. Òun ni ààlà tí a kò gbọdọ̀ kọjá. Taya 23 lè gba nǹkan bí 100, ṣùgbọ́n 60 sí 70 tó fún 32 bí ẹni tí ń gùn ún kò bá sanra púpọ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ ẹ le gbandi bíi ti tẹ́lẹ̀ ti sọ èrè fífẹ̀ nù. Bí owó kò bá tó fún taya méjì lẹ́ẹ̀kan náà, ti ẹ̀yìn ni kí a kọ́kọ́ pààrọ̀, níwọ̀n bí àyè bá ti gbà á, nítorí ibẹ̀ ni ẹrù pọ̀ sí.