Ẹ má febi pa oníjẹjẹrẹ, oúnjẹ wà lára ìtọ́jú rẹ̀

Bí dókítà bá ti lè fẹnu kàn án pé jẹjẹrẹ ló ń yọ ẹnì kan lẹ́nu, ọjọ́ náà gan-an ni ìmọ̀ràn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé bí omi òjò. Ẹ̀gbọ́n yóò ní kí aláìsàn má jẹ ẹran mọ́. Ìyá ìjọ yóò ní kò gbọdọ̀ fẹnu kan ṣúgà, nítorí ṣúgà ni jẹjẹrẹ ń jẹ. Aládùúgbò yóò gbé àgbo dé. Kò ní í pẹ́ tí ṣòkòtò kò ní í dúró nídìí ẹni tí à ń wí mọ́, wọn yóò sì ní àìsàn náà ló ń jẹ ẹ́. Wọn kò mọ̀ pé ebi wà nínú ohun tó ń pa á.

Ìṣòro kékeré kọ́ lèyí. Àjọ tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ lágbàáyé fojú bù ú pé lọ́dún 2022 nìkan, ó lé ní ọ̀kẹ́ mẹ́fà èèyàn (120,000) tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bá jẹjẹrẹ lára wọn ní Nàìjíríà.

Nínú àwọn ilé ìwòsàn ńlá, bíi UCH n'Íbàdàn àti LUTH l'Ékòó, àwọn onímọ̀ nípa oúnjẹ wà tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti dènà irú ìyà bẹ́ẹ̀. Orí ìwọ̀n ni wọ́n ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Bí ẹni tó wúwo tó kílò 70 bá ti dín ju kílò 3.5 lọ láàárín oṣù mẹ́fà láìmọ̀ọ́mọ̀ jò, ọ̀rọ̀ ti di ewu. Jẹjẹrẹ a máa mú kí ara jẹ ẹran ara rẹ̀, a sì máa pa ìfẹ́ oúnjẹ. Bí ẹran ara bá sì tán, agbára káká ni aláìsàn yóò fi gba oògùn tó le náà. Dókítà lè ní láti dín in kù tàbí kó dá a dúró.

Ìdí nìyí tí wọn kì í fi í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba ẹja, ẹyin àti ẹ̀wà lẹ́nu aláìsàn. Ẹni tó wúwo tó kílò 60 nílò bíi gíráàmù 60 sí 90 èròjà amáradàgbà lójúmọ́, bẹ́ẹ̀ bíi gíráàmù 6 péré ló wà nínú ẹyin kan.

Wọn kì í pàṣẹ oúnjẹ olówó ńlá. Ògì tí wọ́n po ẹ̀pà lílọ̀ tàbí wàrà sóyà mọ́ ń ṣiṣẹ́. Bí ẹnu bá bó, mọ́ínmọ́ín tí kò ní ata yóò lọ wọ́ọ́rọ́. Bí òórùn ọbẹ̀ bá ń rin ín, kí oúnjẹ tutù díẹ̀ kó tó jẹ ẹ́, kó sì máa jẹ díẹ̀díẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹfà lójúmọ́. Bí ẹnu bá ń ta bí irin, ṣíbí oníke ni kó lò. Ṣùgbọ́n ẹyin tí kò jinná di èèwọ̀, nítorí oògùn náà ń dín agbára ara láti bá kòkòrò àrùn jà kù.

Ọ̀rọ̀ ṣúgà ńkọ́? Lóòótọ́ ni jẹjẹrẹ ń lò ó, ṣùgbọ́n gbogbo ara ló ń lò ó. Kò sí ẹ̀rí pé fífebi panú ń pa jẹjẹrẹ. Ní ti àgbo, òmíràn a máa bá oògùn ilé ìwòsàn jà. Kí aláìsàn má ṣe fi pa mọ́ fún dókítà.

Oúnjẹ nìkan kò lè wo jẹjẹrẹ sàn, àwọn onímọ̀ yìí kò sì purọ́ bẹ́ẹ̀. Kódà, bí àìsàn bá ti wọra jìnnà, ìmọ̀ràn wọn a yí padà: kí wọ́n má fipá bọ́ ọ, ìwọ̀nba èyí tó wù ú ni kí wọ́n fún un.

Ẹ̀yin tí ẹ ní oníjẹjẹrẹ nílé, ẹ má dúró kí ara rẹ̀ gbẹ tán. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni kí ẹ ti sọ fún dókítà pé ẹ fẹ́ rí onímọ̀ nípa oúnjẹ. Ẹni tó ń bá àìsàn jà kò yẹ kó tún máa bá ebi jà.