Kí ló ń jẹ páìpù omi ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ní Abidjan?

Nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ ní Adjamé, Abidjan, awakọ̀ woro-woro, ìyẹn takisí alájọwọ̀, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ gbóná kì í fẹ́ pẹ́ lẹ́bàá ọ̀nà. Á bu omi sínú rédíétọ̀, á sì máa lọ, torí owó ojúmọ́ tó gbọ́dọ̀ kó fún ọlọ́kọ̀ lálẹ́.

Omi tó ń bù yẹn gan-an lè jẹ́ ohun tó ń ba ọkọ̀ náà jẹ́.

Irin, alumíníọ̀mù àti omi lásán

Páìpù kékeré kan wà tí omi ń gbà kọjá lára ohun tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní "top cylinder". Alumíníọ̀mù ni wọ́n fi ṣe top cylinder ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òde òní, irin sì ni páìpù náà nínú púpọ̀ wọn. Bí méjèèjì bá jọ wà nínú omi lásán, iná mànàmáná díẹ̀ á máa rìn láàárín wọn bíi ti bátìrì. Ìpáàrà á mú irin, alumíníọ̀mù náà á máa dá ihò wẹẹrẹ. Omi kànga tó ní iyọ̀ tún máa ń mú un yá.

Àwọn kan ń di ẹ̀bi ru afẹ́fẹ́ òkun. Ara ọkọ̀ ni ìyẹn ń bá jà jù. Inú ni páìpù yìí ti ń jẹrà wá síta.

Coolant ló yẹ kó dáàbò bò ó. Nítorí pé orúkọ tí àwọn òyìnbó fún un dá lórí kí omi má baà dì, àwọn awakọ̀ kan gbà pé ìlú olóoru kò nílò rẹ̀. Ṣùgbọ́n èròjà tó ń lé ìpáàrà wà nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá pò ó pọ̀ mọ́ omi mímọ́ ní ìdajì-ìdajì, kì í hó títí ooru á fi tó nǹkan bíi 107°C, nígbà tí omi lásán ń hó ní 100°C.

Báwo ni wọ́n ṣe ń tún un ṣe?

Omi tó ń jò lè má kan ilẹ̀ rárá, torí ara ẹ́ńjìnnì tó gbóná ló ń gbẹ sí. Ẹ wo ìdí páìpù: èépá funfun tàbí pupa níbẹ̀ ti tó àmì.

Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù kí ẹ tó ṣí ìdérí rédíétọ̀. Bó bá jẹ́ nọ́ọ̀tì ló di páìpù mú, iṣẹ́ kékeré ni: wọ́n á tú u, wọ́n á fọ ojú ibẹ̀, wọ́n á fi tuntun àti gasket tuntun sí i. Èyí tí wọ́n tẹ̀ wọnú alumíníọ̀mù ló le. Wọ́n á fi àkísà dí ọ̀nà omi kí èérún má bọ́ sínú, wọ́n á fi abẹ ayùn irin la páìpù láti inú láìkan alumíníọ̀mù, wọ́n á ká a sínú, wọ́n á sì fà á yọ. Wọ́n á ha ihò náà mọ́, wọ́n á fi gọ́ọ̀mù tó gba ooru tẹ tuntun wọlé, wọ́n á sì dúró kó gan.

Bí alumíníọ̀mù fúnra rẹ̀ bá ti jẹ, àfi kí wọ́n tú top cylinder lọ fún wẹ́dà tó mọ alumíníọ̀mù í jó. Gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi lẹ ihò lóde lè gbé ọkọ̀ délé, kò ṣeé fi ṣiṣẹ́ takisí. Yíyọ thermostat dànù, tí àwọn kan fẹ́ràn, kò sì dá ìpáàrà dúró.

Ní "casse", ọjà àlòkù ẹ̀yà ọkọ̀ ní Abidjan, páìpù àlòkù lè dán lóde kó ti jẹ nínú. Ẹ fi irin ṣóńṣó gún inú rẹ̀ wò kí ẹ tó sanwó.

Bí wọ́n bá fi í sílẹ̀, top cylinder lè wọ́, gasket lè jó, omi á wá pò mọ́ ọ́ìlì bíi tíì oní-mílíìkì. Iye tí ìyẹn ń náni ju ti páìpù lọ fíìfíì.

Coolant tí wọ́n bá tú jáde máa ń dùn lẹ́nu, májèlé sì ni. Inú kẹ́ẹ̀gì tó ní ìdérí ni kí wọ́n da á sí, níbi tí ọwọ́ ọmọdé àti ẹnu ajá kò ti ní tó o.